Ẹ̀rọ Awárin àti Ìlú tí Ó Dahoro: Ohun tí Ilẹ̀ Mọ̀ àti Ohun tí Ẹnu Ń Sọ



1. Ìfáárà

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe ni a fi ń wá a. Bí ó bá wá jẹ́ pé ìlú ni ó sọnù ńkọ́, kí ni a ó fi wá a? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ mọ́ lítíréṣọ̀ alohùn kò lè sá fún ìbéèrè náà. Ẹ gbọ́ oríkì orílẹ̀ bí àwọn ìyá ilé ti ń kì í fún ọmọ ọkọ wọn. Ẹ tẹ́tí sí rárà ní ààfin tàbí sí ìjálá ní àwùjọ àwọn ọdẹ. Ẹ ó gbọ́ orúkọ ìlú, orúkọ àdúgbò, orúkọ ẹnubodè àti orúkọ odò tí ẹni tí ń kéwì náà kò fi ojú rẹ̀ rí rí. Àwọn ìlú náà ti di ahoro. Koríko ti bo ààfin, igbó ti gba ọjà, odi ti di ebè. Ohun tí ó kù fún wa ni orúkọ tí ó wà lẹ́nu àti ohun èlò tí ó wà nínú ilẹ̀.

Ní ayé òde òní, ẹ̀rọ kan wà tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé, tí ó máa ń ké nígbà tí ó bá kọjá lórí irin tí ilẹ̀ ti bò. Ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń fi ẹ̀rọ yìí wá ohun àtijọ́ ní ojú pápá ogun, ní ìdí odi tí ó ti wó, àti ní ibi tí ìletò wà nígbà kan rí. N ó máa pè é ní ẹ̀rọ awárin nínú ọ̀rọ̀ mi yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe irin nìkan ni ó ń wá. Ó ń wá idẹ, bàbà, òjé, fàdákà àti wúrà pẹ̀lú.

Kókó ọ̀rọ̀ mi kò gùn. Ẹ̀rọ awárin kì í ṣe ọ̀tá ìtàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe babaláwo tí ó mọ ohun gbogbo. Ohun tí ó bá rí lè di ìtàn bí a bá mọ ibi tí ohun náà dùbúlẹ̀ sí àti ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí a bá hú u kúrò níbẹ̀ láìṣe àkọsílẹ̀, ó di ọjà lásán. Ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ibùsùn ohun èlò náà sì ni ilé rẹ̀.

2. Bí Ẹ̀rọ Náà Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ẹ̀rọ awárin ní ọ̀pá, ó ní bátìrì, ó sì ní àwo pẹlẹbẹ kan nísàlẹ̀ tí a ká wáyà bàbà sí nínú. Bí iná mànàmáná bá ń lọ tí ó ń bọ̀ nínú wáyà náà, agbára òòfà yóò jáde láti ara rẹ̀, yóò sì wọ inú ilẹ̀. Bí agbára yìí bá kan irin, yóò mú kí iná kékeré máa yí po nínú irin náà. Iná kékeré yìí náà yóò wá dá agbára òòfà tirẹ̀ sílẹ̀, èyí ni ẹ̀rọ yóò gbọ́ tí yóò fi ké sí etí ẹni tí ó gbé e dání. Àwa tí a mọ bí a ti ń lé orin àti bí a ti ń gbè é, èyí kò ṣòro fún wa láti lóye: ẹ̀rọ ń lé, irin ń gbè.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1881, nígbà tí wọ́n yìnbọn lu James Garfield, Ààrẹ Amẹ́ríkà, Alexander Graham Bell, ẹni tí ayé mọ̀ mọ́ tẹlifóònù, gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá láti fi wá ọta tí ó wà nínú ara Ààrẹ náà. Kò rí i, Ààrẹ sì kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ní ọdún 1941, Józef Kosacki, ọmọ ogun Poland tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe èyí tí a lè gbé rìn láti fi wá àdó olóró tí ọ̀tá rì mọ́lẹ̀. Wọ́n lò ó ní ogun El Alamein ní 1942. Lẹ́yìn ogun àgbáyé náà ni ẹ̀rọ yìí bọ́ sí ọwọ́ ará ìlú, tí ó sì di ohun tí àwọn ènìyàn fi ń ṣeré ọjọ́ ìsinmi.

Ṣùgbọ́n ààlà mẹ́ta wà tí ẹ̀rọ yìí kò lè kọjá, ó sì yẹ kí a mọ̀ wọ́n. Èkíní, kì í gbọ́ ohun tí ó jìn. Ohun tí kò ju owó fàdákà kan lọ, bí ó bá ti kọjá nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà nínú ilẹ̀, ẹ̀rọ tí ará ìlú ń lò kì í sábà gbọ́ ọ mọ́. Èkejì, kì í gbọ́ ohun tí kì í ṣe irin. Ère amọ̀, ìlẹ̀kẹ̀, egungun, àpáàdì, ọ̀pó ilé tí ó ti jẹrà tí ó fi àmì sílẹ̀ nínú ilẹ̀: gbogbo wọn ni ó dákẹ́ fún un. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé igbe ẹ̀rọ nìkan lè fi ọkọ́ fọ́ ère amọ̀ kí ó lè mú ìṣó kan jáde.

Ẹ̀kẹta kan àwa Yorùbá gan-an. Ilẹ̀ tí irin pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń dà ẹ̀rọ náà lójú rú. Yangí tí ó tẹ́ káàkiri ilẹ̀ wa kún fún irin. Bákan náà ni ìdàrọ́, ìyẹn pàǹtí tí ó máa ń kù nígbà tí àwọn baba wa bá pọn irin. Èṣù ni ó ni yangí, Ògún ni ó ni ìdàrọ́. Bí ẹ̀rọ bá dé àárín àwọn méjèèjì, igbe rẹ̀ lè má dáwọ́ dúró, síbẹ̀ kí ó má sí ohun tí ó rí.

3. Pápá Ogun Little Bighorn

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ẹ̀rọ yìí ti ṣe iṣẹ́ tí ó dára jù lọ. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 1876, ní etí odò Little Bighorn ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Montana, George Armstrong Custer kó àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin Amẹ́ríkà lọ kọlu ibùdó ńlá kan tí àwọn Lakota àti àwọn Cheyenne pa sí. Sitting Bull àti Crazy Horse wà lára àwọn olórí tí ó wà níbẹ̀. Custer àti gbogbo ọmọ ogun tí ó tẹ̀ lé e ní apá tirẹ̀, tí wọ́n tó nǹkan bí 210, ni wọ́n pa. Kò ṣẹ́ ku ẹnì kan nínú wọn tí yóò ròyìn.

Nítorí pé kò sí ẹni tí ó ṣẹ́ kù, àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn ayàwòrán fi ọkàn ara wọn dá ìtàn: wọ́n ní akọni dúró lórí òkè pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n sì jà títí ọta fi tán. Bẹ́ẹ̀, ẹlẹ́rìí kò wọ́n. Àwọn Lakota àti àwọn Cheyenne tí ó ja ogun náà wà láàyè, wọ́n sì ń sọ ọ́. Wọ́n ní ètò àwọn ọmọ ogun náà túká. Wọ́n ní ẹ̀rù bà wọ́n, àwọn kan sì sá. Wọ́n sọ ọ́ fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn. Àwọn kan nínú àwọn Òyìnbó kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òpìtàn kò ka ọ̀rọ̀ náà sí. Wọ́n ní àwọn ẹlẹ́rìí náà ń tako ara wọn, wọ́n ní ògbufọ̀ kò mọ èdè dáadáa, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ lórí ìtàn àtẹnudẹ́nu níhìn-ín, ẹ̀sùn yìí kò ṣe àjèjì sí yín.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1983, iná ẹ̀ẹ̀rùn jó koríko tí ó bo pápá náà. Ilẹ̀ hàn gedegbe. Ní 1984 àti 1985, Douglas Scott àti Richard Fox, tí wọ́n jẹ́ awalẹ̀pìtàn, kó àwọn ará ìlú tí ó mọ ẹ̀rọ awárin lò jọ. Wọ́n tò wọ́n ní ìlà kan, wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa rìn lọ ní ìwọ̀n ìtẹ̀lé ara wọn. Bí ẹ̀rọ bá ké, ẹni tí ó gbé e kì í walẹ̀. Ẹlòmíràn yóò ri àsíá kékeré mọ́ ibẹ̀. Àwọn mìíràn ni yóò wá hú ilẹ̀ jẹ́jẹ́ títí ohun náà yóò fi hàn, wọn yóò sì fi í sílẹ̀ bí ó ti wà. Lẹ́yìn náà ni àwọn awọnlẹ̀ yóò tó dé, tí wọn yóò kọ ibi tí ó wà, bí ó ti jìn tó, àti ìhà tí ó kọjú sí. Ìgbà tí a bá ti kọ gbogbo rẹ̀ tán ni a ó tó gbé e.

Kí ni wọ́n rí? Ọta òjé àti èèpo ọta tí a fi idẹ tàbí bàbà ṣe ni ó pọ̀ jù. Ní ojú ẹni tí ń wá ìṣúra, èèpo ọta kò ní láárí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá yin ìbọn, irin kékeré tí ó gún ìdí ọta náà máa ń fi àpá sílẹ̀, àpá ìbọn kan kì í sì í jọ ti èkejì, gẹ́gẹ́ bí ìka ọwọ́ ènìyàn méjì kì í ti í jọra. Bí a bá rí èèpo ọta kan níhìn-ín, tí a sì rí òmíràn tí ó ní àpá kan náà ní ọgọ́rùn-ún mítà sí i, a ti mọ̀ pé ìbọn kan náà rin ọ̀nà yẹn. Báyìí ni wọ́n ṣe tọ ipasẹ̀ ìbọn kọ̀ọ̀kan lórí máàpù, ní nǹkan bí 109 ọdún lẹ́yìn tí ẹni tí ó gbé e ti lọ.

Àwòrán tí ó yọ nínú iṣẹ́ náà bá ọ̀rọ̀ àwọn onílẹ̀ mu ju ti àwọn ayàwòrán lọ. Ó hàn pé ìbọn alátúnyìn, irú Henry àti Winchester, pọ̀ lọ́wọ́ àwọn Lakota àti Cheyenne, nígbà tí ó jẹ́ pé ìbọn Springfield tí a ń ki ní ọta kọ̀ọ̀kan ni ó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun ìjọba. Fox tẹ ìwé kan jáde ní 1993, nínú èyí tí ó fi ibùsùn ọta àti èèpo ọta ṣe ẹ̀rí pé ètò àwọn ọmọ ogun Custer ti tú kí gbogbo rẹ̀ tó parí. Ọ̀rọ̀ tí a pè ní àtakò láàárín àwọn ẹlẹ́rìí wá yé ni: olúkúlùkù sọ ibi tí òun dúró sí àti ohun tí ojú òun rí. Nígbà tí a fi máàpù sí abẹ́ ọ̀rọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara mu. Ní 1991, òfin yí orúkọ ibẹ̀ padà kúrò ní orúkọ Custer sí orúkọ odò náà.

Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀rọ nìkan kò lè ṣe èyí. Bí kò bá sí ìtàn tí àwọn Cheyenne pa mọ́, èèpo ọta ì bá jẹ́ èèpo ọta lásán. Bí kò bá sí máàpù, ìtàn náà ì bá ṣì wà ní ipò ọ̀rọ̀ ẹnu tí a ń fojú tẹ́ḿbẹ́lú.

4. Ìṣúra Méjì ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àpẹẹrẹ kejì fi ojú méjèèjì ọ̀rọ̀ náà hàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tí wọ́n ṣe ní 1996 sọ pé ẹni tí ó bá rí ìṣúra gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ fún ìjọba láàárín ọjọ́ 14. Bí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bá fẹ́ ẹ, yóò san iye tí ó tó fún un, ẹni tí ó rí i àti onílẹ̀ yóò sì pín owó náà. Kí òfin yìí tó dé, ọ̀pọ̀ nǹkan ti bàjẹ́. Láàárín 1983 sí 1985, àwọn olè fi ẹ̀rọ awárin kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún owó àtijọ́ ní ibi tí ilé òrìṣà kan wà ní Wanborough láti ìgbà ìjọba Róòmù. Igbe tí ìyẹn dá sílẹ̀ wà lára ohun tí ó bí òfin tuntun náà.

Ní ọdún 2015, ẹ̀rọ awárin tú ìṣúra méjì síta láti ọ̀rúndún kẹsàn-án. Ẹni tí ó rí èkíní, nítòsí Watlington, kéde rẹ̀. Àwọn onímọ̀ gé erùpẹ̀ náà odindi, wọ́n gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́, wọ́n sì tú u ní ìdákúrekú kí wọ́n lè rí bí ohun kọ̀ọ̀kan ti jókòó sí. Ìṣúra kejì, nítòsí Leominster, bọ́ sí ọwọ́ ọkùnrin méjì tí wọn kò kéde rẹ̀. Wọ́n tà á fún oníṣòwò ní kọ̀rọ̀. Ní 2019, ilé ẹjọ́ sọ wọ́n sí ẹ̀wọ̀n. Nínú owó fàdákà tí a ṣírò pé ó tó nǹkan bí 300, nǹkan bí 30 péré ni ìjọba rí gbà padà ní ìgbà náà.

Kí ni ó sọnù gan-an? Ìwé ìtàn ọdọọdún tí wọ́n kọ ní ìgbà Alfred, ọba Wessex, fi Ceolwulf, ọba Mercia, hàn bí òmùgọ̀ ìránṣẹ́ tí àwọn Dane kàn gbé lé orí ìtẹ́. Ohun tí ìwé sọ ni ayé gbà fún ohun tí ó ju 1,000 ọdún lọ. Ṣùgbọ́n lórí díẹ̀ nínú àwọn owó tí a rí ní ibi méjèèjì, ọba méjì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ẹgbẹ́. Alfred ní orúkọ rẹ̀ lórí irú owó yìí, Ceolwulf náà ní tirẹ̀. Ó jọ pé àwọn méjèèjì ti jọ ṣe àjọṣe rí, kí ẹni tí ó kù lórí oyè tó ní kí a yọ èkejì kúrò nínú ìtàn. Níhìn-ín, ìwé ni ó parọ́ mọ́ ọba, irin ni ó sì gbà á sílẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé ohun tí a bá ti kọ sílẹ̀ ti kúrò ní ìyèméjì, kí ó rántí Ceolwulf. Kí ó sì rántí pé owó tí ó lè sọ ìyókù ọ̀rọ̀ náà ni àwọn kan tà ní kọ̀rọ̀.

5. Ifẹ̀ àti Igbo-Ukwu

Kò di ìgbà tí a bá lo ẹ̀rọ kí ìtàn tó bàjẹ́. Ní ọdún 1938, ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, kò jìnnà sí ààfin, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé fi ń yin Ifẹ̀ lónìí. Díẹ̀ nínú wọn jáde kúrò nílé. Méjì wà lọ́wọ́ William Bascom, tí ó dá wọn padà ní 1950. Ọ̀kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n àdánù tí ó tóbi jù kì í ṣe èyí tí ó jáde nílé. Kò sí ẹni tí ó ṣe àkọsílẹ̀ bí wọ́n ti dùbúlẹ̀. Ṣé ojúbọ ni wọ́n wà ni? Ṣé wọ́n rì wọ́n mọ́lẹ̀ ní ìgbà ogun ni? Ṣé adé ni wọ́n ń gbé lé wọn lórí, tàbí ère òkú ọba ni wọ́n? Títí di òní ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lé e lórí. Orí náà dé ọwọ́ wa. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ kò dé.

Ẹ fi èyí wé Igbo-Ukwu. Níbẹ̀ náà, ọkùnrin kan tí ń gbẹ́ kòtò omi sí ilé rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1930 ni ó kọ́kọ́ kan ohun èlò idẹ. Ṣùgbọ́n láti 1959, Thurstan Shaw wa ilẹ̀ ibẹ̀ ní ìpele-ìpele. Ní ibì kan, ó rí i pé ẹni ńlá kan ni wọ́n sin ní ìjókòó pẹ̀lú ohun oyè rẹ̀. Ní ibòmíràn, ó rí i pé ohun ìrúbọ ni wọ́n tò sí inú ilé kan. Nítorí náà, nígbà tí a bá sọ̀rọ̀ nípa Igbo-Ukwu, a lè sọ̀rọ̀ nípa ìsìnkú, oyè àti ẹ̀sìn. Bí a bá sọ̀rọ̀ nípa orí Wúnmọníjẹ̀, ẹwà ni a sábà máa ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ẹwà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ mọ irú àdánù yìí. Ẹni tí ó bá kọ oríkì sílẹ̀ láìsọ ẹni tí ó kì í, ẹni tí wọ́n ń kì, àti ìdí tí wọ́n fi ń kì í, ó ti ṣe ohun tí òṣìṣẹ́ Wúnmọníjẹ̀ ṣe. Ó ní ọ̀rọ̀ dídùn lọ́wọ́. Kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà wá ṣe láyé.

6. Ọ̀yọ́-Ilé

Ó yẹ kí a darí sílé wàyí. Ọ̀yọ́-Ilé ni olú-ìlú tí ó tóbi jù nínú àwọn ìlú Yorùbá tí ó dahoro. Clapperton dé ibẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1826, nígbà tí Aláàfin ṣì wà lórí ìtẹ́. Àwọn ará Hausa ń pe ìlú náà ní Katunga, orúkọ yìí ni ó sì kọ sínú ìwé rẹ̀. Àwọn Lander dé ibẹ̀ ní 1830. Kí àwọn ọdún 1830 tó parí, ìlú náà ti tú. Aláàfin Olúewu ni ó jẹ kẹ́yìn níbẹ̀. Ogun ni ó kú sí. Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó ní Àgọ́-Ọ̀jà ní ìhà gúúsù, ibẹ̀ sì ni ìtẹ́ Aláàfin wà títí di òní. Samuel Johnson gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu àwọn arọ́kin, ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, ṣùgbọ́n 1921 ni ìwé náà tó jáde.

Ibi tí ìlú náà wà ti di ara ọgbà ìjọba tí a dá sílẹ̀ fún ẹranko igbó àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1991. Igi oṣè ṣì dúró níbẹ̀, odi ṣì hàn nínú koríko, àpáàdì sì fọ́n káàkiri. Frank Willett yẹ ibẹ̀ wò ní àwọn ọdún 1950. Robert Soper àti Patrick Darling wọn odi rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Babatunde Agbaje-Williams sì fi ibẹ̀ ṣe iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1983. Ní apá Ọ̀ṣun, Akin Ogundiran wa ilẹ̀ Ẹdẹ-Ilé tí ó jẹ́ ibùdó Ọ̀yọ́ ní ayé àtijọ́, ó sì rí egungun ẹṣin àti owó ẹyọ níbẹ̀. Síbẹ̀, nínú ìlú tí ó tóbi bí Ọ̀yọ́-Ilé, ibi tí ọkọ́ awalẹ̀pìtàn kò tíì kàn ni ó pọ̀ jù.

Bí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ bá lo ẹ̀rọ awárin níbẹ̀, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda, kí ni ó lè sọ fún wa? Mo rí ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní ni ti ẹṣin. Agbára ogun Ọ̀yọ́ wà lórí ẹṣin. Bí a bá mọ ibi tí ìjánu, ẹ̀sẹ̀ gàárì àti ṣaworo ẹṣin pọ̀ sí, a lè mọ ibi tí àwọn Ẹ̀ṣọ́ ń gbé, kí a sì fi í wé orúkọ àdúgbò tí ó wà nínú oríkì wọn. Èkejì ni ti àwọn alágbẹ̀dẹ. Ìdàrọ́ tí ń dà ẹ̀rọ láàmú ní ibòmíràn lè di atọ́nà níbẹ̀, nítorí pé ibi tí ó bá pọ̀ sí ni iná àgbẹ̀dẹ tàbí iléru ìponrin ti jó.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù, ìyẹn ni ti bí ìlú náà ṣe tú. Ẹni tí ó bá kúrò nílé ní ìrọ̀rùn yóò kó ọkọ́, àdá àti ìkòkò idẹ rẹ̀ dání, nítorí pé irin wọ́n nígbà náà. Ẹni tí ogun lé kò ní kó o. Nítorí náà, irin tí ó wà nínú ilé ahoro àti irin tí kò sí níbẹ̀ jọ ń sọ̀rọ̀. Ṣé ní òru ọjọ́ kan ni ìlú tú, tàbí díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi í sílẹ̀, ìdílé kan tẹ̀ lé òmíràn? Ìdílé kọ̀ọ̀kan tí ó ti ibẹ̀ wá ní ìtàn tirẹ̀ nípa ìjáde náà, àwọn ìtàn náà kò sì dọ́gba. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Little Bighorn kọ́ wa pé kí a má ṣe tètè pe èyí ní irọ́. Ó ṣeé ṣe kí ilé kọ̀ọ̀kan máa sọ òtítọ́ nípa ẹnubodè tí ó gbà jáde.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí sinmi lé ohun kan: kí irin náà ṣì wà ní ibi tí wọ́n fi í sílẹ̀ sí. Àṣẹ ìjọba 77 ti ọdún 1979, tí ó dá àjọ tí ń ṣàkóso ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kò gbà kí ẹnikẹ́ni walẹ̀ láti wá ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Ó bọ́ sí ọdún kan náà tí Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó dáàbò bo ohun àtijọ́ tí ó wà lórí ilẹ̀ ìjọba wọn. Òfin wà nígbà náà. Ṣùgbọ́n òfin kò lè dúró ṣọ́ gbogbo igi oṣè. Ẹ̀rọ awárin ti di ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà, ẹni tí ebi ń pa kò sì ní béèrè ohun tí ọ̀mọ̀wé ń kọ kí ó tó hú ṣaworo idẹ tí ó lè tà. Ihò kan tí a gbẹ́ ní òru lè kó ìdáhùn ilé kan lọ títí ayé. A lè tún ilé tí ó wó kọ́. A kò lè tún ilẹ̀ tí a ti dà rú tò.

7. Ohun tí Ó Yẹ Kí A Ṣe

Mo fẹ́ dá àbá mẹ́ta. Èkíní, kí a mú àwọn tí ó mọ ìtàn lọ sí ibi tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti ń jókòó sí yàrá tí a ń gba ohùn arọ́kin, ọdẹ àti akéwì sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a bá wọn rìn nínú ahoro pẹ̀lú máàpù lọ́wọ́, kí orúkọ tí ó wà nínú ewì lè rí ilẹ̀ tí yóò jókòó sí. Iṣẹ́ yìí ni ó yẹ kó ṣáájú ẹ̀rọ, nítorí pé ilẹ̀ lè dúró dè wá bí a kò bá dà á rú, ṣùgbọ́n àgbà tí ó mọ orúkọ kò lè dúró.

Èkejì, kí ẹni tí ó bá rí ohun àtijọ́ tí ó sì kéde rẹ̀ gba ẹ̀bùn gidi. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sọ gbogbo ènìyàn di olóòótọ́, ẹ̀rí rẹ̀ ni Leominster. Ṣùgbọ́n ó mú kí òótọ́ lérè, ẹ̀rí rẹ̀ ni Watlington. Àgbẹ̀ tí ó rò pé ìjọba yóò gba ilẹ̀ òun nítorí ère kan yóò ri ère náà padà, tàbí kí ó tà á.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀ka ìmọ̀ lítíréṣọ̀ àti ẹ̀ka ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn má ṣe jẹ́ àjèjì sí ara wọn mọ́. Ẹni tí ń walẹ̀ nílò ẹni tí ó mọ̀ pé orúkọ kan nínú oríkì lè jẹ́ orúkọ ọjà. Ẹni tí ń ka oríkì nílò ẹni tí ó lè fi hàn án bóyá ọjà kan wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Bí ilẹ̀ àti ẹnu bá sì tako ara wọn, kí a má ṣe sọ ọ̀kan di ọ̀gá èkejì. Àtakò náà ni ibi tí iṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀.

8. Ìkádìí

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà ìlú ni ohun tí a ti ń sọ láti ẹ̀ẹ̀kan: ìdàrọ́, èèpo ọta, ìjánu tí ó dógùn-ún, orúkọ ẹnubodè tí kò sí mọ́. Ìlú tuntun lè kọ́ ilé tí ó ga ju ti Ọ̀yọ́-Ilé lọ, ṣùgbọ́n kò lè ra àkísà rẹ̀ lọ́jà. Ẹ̀rọ awárin lè bá wa rí i. Bí a óò tọ́jú rẹ̀ tàbí a óò tà á, ọwọ́ wa ni ó kù sí.